Stick tí mo fẹ́ fi máìnì Bitcoin, láptọ́ọ̀pù mi ò rí i rárá, ẹ gbà mí o

Tunji_Lugbe (Lugbe, Abuja)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ sì kú ooru yìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó sú mi pátápátá. Mo ra GekkoScience Compac F, stick USB tí wọ́n fi ń máìnì Bitcoin (ìyẹn kí ẹ̀rọ máa ṣírò láti fi jẹ èrè Bitcoin), lọ́wọ́ bọ̀dá kan ní Jabi tó ń kó lọ sí Canada. Àlòkù ni ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, ó sì ṣiṣẹ́ níṣojú mi lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ kí n tó sanwó. Bí mo ṣe gbé e délé tí mo kì í bọ láptọ́ọ̀pù mi, HP ni, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Windows ò dún bó ṣe máa ń dún tí èèyàn bá ki flash bọ̀ ọ́, kò sí ohun tó yọ lójú síkírínì, cgminer, ètò tó ń darí máìnì, tí mo ṣí náà kàn ń kọ "No devices detected! Waiting for USB hotplug devices or press q to quit" títí tí mo fi pa á. Mo fọwọ́ kan stick yẹn, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí tó fi hàn pé iná ń dé ibẹ̀. Mo ti pa láptọ́ọ̀pù mo ti tún un tàn, mo ti yí pọ́ọ̀tù. Wáyà ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n USB ni mo fi so ó torí pé ara stick yẹn fẹ̀, ó máa ń dí pọ́ọ̀tù kejì. Ṣé ó ti kú lọ́nà ni àbí kí ni ká ti wí?

AlhajiLaptop (Kàdúná)

Haba Tunji, fara balẹ̀ ná. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáńlóòdù gbogbo ohun tí YouTube bá ní kó o dáńlóòdù, jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí ò rí i. Ṣé Windows ni ò rí i, àbí Windows rí i ṣùgbọ́n cgminer ni ò rí i? Ọ̀tọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìkejì, oògùn wọn ò sì pàdé níbì kankan. Àwọn èèyàn á máa fi gbogbo òru wá dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá ohun tó o so mọ́ ọn sọ̀rọ̀) fún nǹkan tí iná ẹ̀ gan-an ò dé.

Pa cgminer yẹn tì. Tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú X lẹ́ẹ̀kan náà, mú Device Manager níbẹ̀, jẹ́ kó wà ní ṣíṣí lójú ẹ. Wá fa stick yẹn yọ, tún kì í padà, kó o máa wo àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ tí wọ́n sì tún ara wọn tò, Windows ti gbọ́ pé àlejò wọlé. Ó lè jẹ́ pé o máa rí i lábẹ́ Ports, ó lè jẹ́ lábẹ́ Other devices pẹ̀lú àmì yẹ́lò, tàbí kó kọ Unknown USB Device, Device Descriptor Request Failed, Code 43. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kọ ọ́ síbí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n tí ohunkóhun ò bá mira, má wulẹ̀ wá dráífà kankan, kò tíì kan dráífà.

Tunji_Lugbe (Lugbe, Abuja)

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe é, kò mira, àní bí òkú. Mo wá ki flash tí mo fi ń gbé fíìmù bọ pọ́ọ̀tù yẹn kan náà, òun hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Windows sì dún. Nítorí náà pọ́ọ̀tù dáa. Ó dà bíi pé stick yẹn ló ti lọ o 😭

MamaTee_Repairs (Gwarinpa, Abuja)

Tunji ọmọ mi, má tíì sunkún. Flash tó o sọ yìí, ṣé ẹnu wáyà ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n yẹn lo kì í bọ̀ àbí o yọ wáyà kúrò tó o kì í bọ ara láptọ́ọ̀pù gan-an? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé o yọ wáyà kúrò. A jẹ́ pé o ò tíì yẹ wáyà yẹn wò nìyẹn.

Wáyà USB 2.0 tó pé, mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Pupa àti dúdú ló ń gbé iná, fóltì 5. Funfun àti gíríìnì ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá láàárín kọ̀ǹpútà àti ohun tó o so mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ wáyà tí wọ́n ń tà fún wa lójú títì, pupa àti dúdú nìkan ni wọ́n fi sínú ẹ̀, torí pé wọ́n ṣe é fún kéèyàn fi cháàjì fóònù ni, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára páálí. Mo gé ọ̀kan lórí tébù mi níbí torí oníbàárà tó ń pariwo pé mo ba fóònù òun jẹ́, pé kọ̀ǹpútà ò rí i mọ́. Nígbà tí mo bó o, wáyà méjì tín-ín-tín ni, rọ́bà ló kún ìyókù. Ó dákẹ́.

Nǹkan tó ń tan èèyàn jẹ ni pé stick á gbóná, fáànù á yí, gílóòbù á tàn, gbogbo èèyàn á máa sọ pé ṣebí iná dé ibẹ̀. Iná dé ibẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ni ò dé ibẹ̀, kọ̀ǹpútà ò sì lè mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Fa wáyà yẹn kúrò, ki stick yẹn bọ láptọ́ọ̀pù tààrà, kó o yọ ohun tó wà nínú pọ́ọ̀tù kejì tó bá ń dí i. Tó o bá ní búrọ́ọ̀ṣì eyín tó gbẹ, kọ́kọ́ fi nu ẹnu pọ́ọ̀tù yẹn dáadáa, eruku ọyẹ́ inú ìlú yìí kì í ṣe eré.

Ará_Jos (Jos)

Ẹ má bínú sí mi o, mo kàn fẹ́ béèrè. Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń fi stick máìnì Bitcoin ni? Mo jókòó mo ṣírò. Compac F tó bá ń sáré dáadáa ní 400MHz (ìyára ṣíìpù ẹ̀ nìyẹn), nǹkan bíi 270 GH/s ló máa fún ẹ, ìyẹn ìṣirò bílíọ̀nù 270 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Àwọn tó ń máìnì káàkiri àgbáyé ti kọjá 600 EH/s, EH kan sì jẹ́ GH bílíọ̀nù kan. Ẹ fi 600 yẹn náà ṣe é: 3.125 BTC ni èrè búlọ́ọ̀kù kan (ìdìpọ̀ àkọsílẹ̀ ìsanwó tí àwọn amáìnì ń du) láti ìgbà tí wọ́n ti gé e sí méjì ní April 2024, búlọ́ọ̀kù bíi 144 ló ń jáde lóòjọ́, ìpín tiẹ̀ nínú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi sátóṣì 20 lọ lójúmọ́. Sátóṣì mílíọ̀nù lọ́nà 100 ló sì ń di Bitcoin kan ṣoṣo. Stick yẹn á jẹ iná bíi wáàtì 10, tó bá jẹ́ Band A lo wà, ₦225 fún kílówáàtì kan fún wákàtí kan bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní April 2024, ó ti lé ní ₦50 lóòjọ́. Owó iná ẹ ti borí ohun tó o rí. Iṣẹ́ wo lèyí?

Tunji_Lugbe (Lugbe, Abuja)

@Ará_Jos ẹ̀gbọ́n mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe torí owó oṣù ni. Solo ni mo fẹ́ ṣe, kí n máa dá wá búlọ́ọ̀kù láìbá ẹnikẹ́ni pín in. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tó bá sì jẹ́ pé orí mi gbé e kó bọ́ sí mi lọ́wọ́, 3.125 BTC, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ pè 😂

@MamaTee_Repairs Mama, ẹ wo ọwọ́ yín! Bí mo ṣe yọ wáyà yẹn tí mo kì í bọ̀ ọ́ tààrà báyìí, Windows dún "tìn-ín"! Device Manager ṣẹ́jú, mo wá rí USB Serial Port (COM5) lábẹ́ Ports. Mo ti ju wáyà yẹn sínú dọ́sítíbìn. Ṣùgbọ́n wàhálà ò tíì tán o. cgminer ò ṣì gbà. Ohun tó ń kọ báyìí ni "USB init, open device failed, err -12, you need to install a WinUSB driver for", ó wá padà sórí No devices detected ẹ̀. Mo lọ sórí sáìtì FTDI, ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù USB inú ẹ̀, mo dáńlóòdù dráífà wọn, mo ìnsítọ́ọ̀lù ẹ̀, kò yí padà.

Ará_Jos (Jos)

Orí ẹ á gbé e o, àmín. Mo tún ti ṣírò ìyẹn náà fún ẹ: lójúmọ́ kan, ẹyọ kan nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 15. Bàbá Ìjẹ̀bú ṣàánú ju ìyẹn lọ.

Ṣeun_SabonGari (Kano)

Tunji, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti kúrò ní ibi wáyà, ibi dráífà lẹ wá wà báyìí. Ẹ yé wá dráífà FTDI kiri torí òun gan-an ló ń dí yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀ torí ibí yìí ló máa ń da gbogbo èèyàn lójú rú.

Inú stick yín ní ṣíìpù kan tó ń túmọ̀ USB sí èdè tí ṣíìpù amáìnì gbọ́. Ti Compac F, FTDI ló ṣe é. Ti Block Erupter àtijọ́ àti Compac àkọ́kọ́, CP2102 ti Silicon Labs ni. Tí Windows bá rí irú ṣíìpù báyìí, dráífà tó máa ń fún un ni èyí tó ń sọ ọ́ di COM (pọ́ọ̀tù serial), ìyẹn COM5 tẹ́ ẹ rí yẹn. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ fi COM ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n cgminer kì í gba COM wọlé, libusb ló ń lò, tààrà ló fẹ́ bá stick sọ̀rọ̀, libusb lórí Windows sì fẹ́ kó jẹ́ dráífà WinUSB ti Microsoft ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Níwọ̀n ìgbà tí dráífà FTDI bá ti di stick yẹn mú, cgminer á rí i lọ́ọ̀ọ́kán ṣùgbọ́n kò ní lè ṣí i. Ohun tí err -12 ń sọ nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ lọ sórí sáìtì Zadig (ètò kékeré tó ń pààrọ̀ dráífà USB) gan-an, kì í ṣe sáìtì tó bá kọ́kọ́ yọ nínú ìpolówó Google, ẹ dáńlóòdù ẹ̀, kò ní kẹ́ ẹ ìnsítọ́ọ̀lù, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ kó ṣí. Ẹ lọ sí Options, ẹ mú List All Devices. Nínú àwọn orúkọ tó máa jáde, ẹ má wo orúkọ nìkan, ẹ wo USB ID tó wà nísàlẹ̀, 0403 6015 lẹ ń wá. Lápá òsì, ẹ máa rí i pé FTDIBUS ló wà níbẹ̀ báyìí, lápá ọ̀tún, ẹ yí i sí WinUSB, ẹ wá tẹ Replace Driver. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ẹ má fa stick yọ.

Mo bẹ yín, ẹ ka nọ́ńbà ID yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì náà wà nínú orúkọ wọ̀nyẹn. Ẹnì kan nílé wa níbí yan máòsì tiẹ̀, WinUSB gbà á, máòsì dákẹ́, ó wá ń fi Tab rìn kiri inú Windows bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, COM5 máa pòórá. Ẹ má bẹ̀rù, ó yẹ kó pòórá. Abẹ́ Universal Serial Bus devices lẹ máa ti wá rí i.

Kọ́ládé_Minna (Minna)

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ já wọ̀ ọ́ o, ọ̀rọ̀ mi jọ eléyìí. Mo ní Block Erupter àtijọ́ ti 2013 yẹn, èyí tó ń ṣe bíi 333 MH/s, mo kàn fẹ́ kó máa ṣẹ́jú lórí tébù ni, mi ò retí nǹkan kan. Bfgminer, ètò máìnì míì, ni mo ń lò, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Bí mo ṣe ka ohun tí Ṣeun kọ yìí ni mo sáré lọ fi Zadig sí i WinUSB, bfgminer ò wá rí i mọ́ rárá! COM3 tí mo máa ń kọ sí i ò sí mọ́. Ẹ gbà mí o.

Ṣeun_SabonGari (Kano)

Bọ̀dá Kọ́ládé 😂 ẹni tí nǹkan ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kí ló wá gbé Zadig fún? Bfgminer yàtọ̀ sí cgminer. Ẹnu COM ni bfgminer máa ń gbà bá Block Erupter sọ̀rọ̀, WinUSB tẹ́ ẹ fi sí i ti gba COM yẹn lọ. Òdìkejì ọ̀rọ̀ Tunji ni tiyín.

Ẹ lọ sí Device Manager, ẹ wá stick yẹn lábẹ́ Universal Serial Bus devices, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Uninstall device, ẹ máàkì ibi tó ti kọ Delete the driver software for this device. Bí ẹ ò bá máàkì ibẹ̀, WinUSB ló máa tún padà wá. Ẹ fa stick yọ, ẹ tún kì í padà. Bó bá hàn pẹ̀lú àmì yẹ́lò, Code 28, ẹ lọ mú dráífà CP210x lórí sáìtì Silicon Labs. COM á padà dé, nọ́ńbà ẹ̀ lè yàtọ̀ sí COM3 o, torí náà ẹ kúkú kọ -S erupter:all fún bfgminer, kó fúnra ẹ̀ wá a.

Kọ́ládé_Minna (Minna)

Ó ti padà dé! COM7 ni báyìí. Olúwa á bù kún ẹ, ọmọ yìí. Mo ti pa Zadig rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi.

Tunji_Lugbe (Lugbe, Abuja)

Ẹ̀gbọ́n Ṣeun, mo ti lo Zadig, mo rí 0403 6015, mo yí i sí WinUSB, ó ní successfully. err -12 ti lọ. Ṣùgbọ́n cgminer ṣì ń sọ No devices detected! Mo lo cgminer -n bí mo ṣe kà á níbì kan, ó kọ gbogbo ohun tó wà lórí USB, mo rí 0403:6015 níbẹ̀ pẹ̀lú ojú mi. Ó rí i, kò ka á kún. Mo tún dáńlóòdù cgminer míì, kó tó parí ni Windows Defender, ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì, ti pa á rẹ́.

Ṣeun_SabonGari (Kano)

Cgminer èwo lẹ ń lò? Mo fura pé ògbólógbòó ni, èyí tó ti wà kí wọ́n tó ṣe Compac F. Ìyẹn ò mọ orúkọ ẹ̀ rárá, gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí i tí kò ní dá a mọ̀. Ẹ lọ sórí GitHub, ẹ mú cgminer ti kanoi, ìyẹn mọ Compac F. Ẹ gbà á láti ibẹ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ Defender, ó máa ń fura sí gbogbo ohun tó bá ń máìnì, torí àwọn olè máa ń fi irú ẹ̀ pa mọ́ sórí kọ̀ǹpútà onítọ̀hún láìjẹ́ pé ó mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣi ẹjọ́ dá o. Cgminer tẹ́ ẹ gbà lórí lẹ́ńkì Telegram tàbí lábẹ́ fídíò kan, ẹ jẹ́ kí Defender jẹ ẹ́, ó ṣe yín lóore ni. Èyí tẹ́ ẹ bá gbà láti orísun ẹ̀, ẹ ṣí fọ́ọ̀dà kan ṣoṣo fún un, ẹ fi fọ́ọ̀dà yẹn sí Exclusions. Ẹ má pa Defender látòkè délẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní wọ́lẹ́ẹ̀tì (àpò Bitcoin) lórí láptọ́ọ̀pù yẹn, ẹ kó o kúrò níbẹ̀.

AlhajiLaptop (Kàdúná)

Cgminer ti Kano? Kai! Ṣeun, ẹ̀yin ará Kano náà ti ń ṣe cgminer tiyín ni 😂 Mo ní kí n wá gbà á ní Farm Centre.

Ṣeun_SabonGari (Kano)

Ìnagijẹ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ni Alhaji, kò mọ Kano wa rí. Àwa ṣì ń wá iná.

Tunji_Lugbe (Lugbe, Abuja)

Ẹ̀YIN ARÁ Ó TI GBÀ!!! Ó kọ orúkọ ẹ̀ gedegbe, Compac F, ó ń ka nọ́ńbà. Mo fi sí 200MHz, nǹkan bíi 130 GH/s ló ń ṣe, mo fi wọ solo.ckpool, sáìtì àwọn tó ń máìnì solo. Mo jókòó tì í bí ìyàwó tuntun.

Nǹkan kan ló kù. Tí mo bá gbé e sí 400, ó máa sáré díẹ̀, lẹ́yìn náà láptọ́ọ̀pù á dún bí ẹni pé mo fa stick yọ, cgminer á sọ pé kò rí i mọ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún padà wá, á tún lọ. Ṣé dráífà náà ni?

MamaTee_Repairs (Gwarinpa, Abuja)

Kì í ṣe dráífà. Ebi ló ń pa á.

Tunji, USB 2.0 wọ́n ṣe é láti fún nǹkan ní 500mA, USB 3.0 tó ní búlúù nínú, 900mA. Ará Jos ti sọ lókè pé stick yẹn ń jẹ bíi wáàtì 10 tó bá ń sáré ní 400. Pín 10 sí ọ̀nà 5, torí fóltì 5 ni, amp 2 nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù wo ló ń fún pọ́ọ̀tù kan ní amp 2 láìráhùn? Tó bá ti fa á kọjá agbára ẹ̀, fóltì á wá sílẹ̀, ṣíìpù FTDI tó wà nínú ẹ̀ náà á rẹ̀ ẹ́, Windows á rò pé o fa á yọ. Pọ́ọ̀tù míì máa kú pátápátá tó o bá ń fi ìyà jẹ ẹ́ báyìí, mo ti pààrọ̀ irú ẹ̀ lára mádàbọ́ọ̀dù, owó ẹ̀ ò kéré.

Ní Banex o lè rí mítà USB kékeré kan tí wọ́n máa ń ki sáàárín, tó ní ojú síkírínì tó ń kọ fóltì àti amp. Ki í sáàárín stick àti pọ́ọ̀tù, wo ohun tó ń kọ ní 200, wo ohun tó ń kọ nígbà tó o bá gbé e lọ sókè. Tó bá ti ń wá sí 4.7, 4.6, o ti rí ọ̀tá ẹ.

Wá ra hub (àpótí tó ń sọ USB kan di pọ́ọ̀tù púpọ̀) tó ní adápítọ̀ tiẹ̀ tí wọ́n ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Má ra èyí tó ń mu iná láptọ́ọ̀pù o, pọ́ọ̀tù méje lórí ẹ̀ ò sọ ọ́ di alágbára, iná kan náà ni wọ́n jọ ń pín. Kó o sì ka ohun tí wọ́n kọ sára adápítọ̀ gan-an, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Tó bá kọ 5V 2A fún pọ́ọ̀tù méje, gbogbo wọn lápapọ̀ ló ní wáàtì 10 yẹn, stick kan ṣoṣo ti jẹ ẹ́ tán.

Engr_Kubwa (Kubwa, Abuja)

Mo fara mọ́ Mama. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: tó o bá ní ínfátà, gbé hub yẹn àti láptọ́ọ̀pù sórí ẹ̀, torí láìsí ínfátà, tí iná bá lọ tó bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, hub á kú lẹ́ẹ̀kan á tún jí, stick á bọ́ nínú cgminer. Kó o tún lọ sí Power Options lórí Windows, Advanced settings, wá USB selective suspend setting, fi sí Disabled. Tí láptọ́ọ̀pù bá ń pa pọ́ọ̀tù láti fi ṣọ́ bátìrì, o ò ní mọ ẹni tó o máa bá jà. Fáànù náà ṣe pàtàkì. Abuja ní March àti April, stick yẹn láìsí atẹ́gùn, wàá fi dín ẹyin.

Tunji_Lugbe (Lugbe, Abuja)

Mo ti ra mítà yẹn. Mama ẹ ò kí ń purọ́: ní 200 ó wà ní bíi 4.9, bí mo ṣe gbé e sí 400 mo rí i tó ń já bọ̀ wálẹ̀ lójú mi, 4.7, 4.5, tìn-ín, ó lọ. Mo rí hub tí adápítọ̀ ẹ̀ jẹ́ 12V 5A, wáàtì 60 nìyẹn, mo so stick mọ́ ọn, mo gbé fáànù síwájú ẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti fi sí 400, 260 ń lọ sí 270 GH/s, kò bọ́ lẹ́ẹ̀kan, mítà dúró lórí 5.0 gbári. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ṣe tiyín.

Ìdẹ̀ra_Zaria (Zaria)

Ẹ káàárọ̀ o mà, ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ látòkè, mo kọ́ nǹkan púpọ̀. Èmi Ubuntu ni mo ń lò, 2Pac, stick GekkoScience míì, ni tèmi, ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi. Kò sọ err -12 fún mi, err -3 ló ń sọ, "you don't have privilege to access". Ṣé Zadig wà fún Linux ni?

Ṣeun_SabonGari (Kano)

Rárá o Ìdẹ̀ra, ẹ ò nílò Zadig lórí Linux, cgminer fúnra ẹ̀ ló máa ń yọ dráífà kernel (ti Linux fúnra ẹ̀) kúrò lórí stick. Àṣẹ lẹ ò ní. Ẹ kọ́kọ́ tẹ lsusb, tó ń to gbogbo ohun tó wà lórí USB, tẹ́ ẹ bá rí 10c4:ea60 níbẹ̀, stick yín wà láàyè, wáyà sì dáa. Ẹ wá fi sudo, ìyẹn àṣẹ ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ṣí cgminer lẹ́ẹ̀kan, tó bá ṣiṣẹ́ báyẹn, ó dájú pé àṣẹ ni.

Kẹ́ ẹ má bàa máa fi sudo ṣe é lójoojúmọ́, inú fọ́ọ̀dà cgminer lẹ máa rí fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní 01-cgminer.rules, ẹ fi sudo cp ẹ̀ sí /etc/udev/rules.d/, ẹ wá tẹ sudo usermod -G plugdev -a àti orúkọ yín. Ẹ má gbàgbé -a yẹn, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò ó máa yọ yín kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó kù, títí kan sudo. Ẹ rílóògì tàbí kẹ́ ẹ kúkú rísítáàtì, ẹ fa stick yọ kẹ́ ẹ tún kì í bọ̀ ọ́.

Ìdẹ̀ra_Zaria (Zaria)

Ó gbà sà! Ẹ ṣeun. Ìrísítáàtì yẹn ló kù fún mi.

AlhajiLaptop (Kàdúná)

Kí ọ̀rọ̀ tó tán, ẹni tó bá fẹ́ ra stick àlòkù kó gbọ́ èyí o. Ayédèrú ṣíìpù FTDI pọ̀ lọ́jà. Ní 2014, ilé iṣẹ́ FTDI fi dráífà kan ránṣẹ́ nípasẹ̀ Windows Update, bó bá ti kan ayédèrú báyìí, á sọ Product ID ẹ̀ di 0000, kọ̀ǹpútà ò sì ní mọ ohun tó jẹ́ mọ́. Àwọn èèyàn pariwo gan-an, wọ́n yọ ọ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí 0403:0000 lára nǹkan àlòkù kan, ẹ mọ̀ pé ó ti pàdé dráífà yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kì í bọ kọ̀ǹpútà lójú yín bí Tunji ṣe ṣe.

Kọ́ládé_Minna (Minna)

Ìbéèrè kan ṣoṣo sí i, mi ò ní fi Zadig ṣeré mọ́. Ọmọ mi ń lo Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) fún iṣẹ́ ilé ìwé, wáyà tó fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà náà, FTDI ló wà nínú ẹ̀. Tí mo bá ra Compac F tí mo yí i sí WinUSB, ṣé ti ọmọ náà ò ní bàjẹ́?

Ṣeun_SabonGari (Kano)

ID ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ FT232R ló wà nínú wáyà ọmọ yẹn, 0403 6001 ni tiẹ̀, Compac F jẹ́ 0403 6015, ẹ̀ka wọn ò pàdé. Ṣùgbọ́n tí tiẹ̀ náà bá jẹ́ 6015, ẹ má ki àwọn méjèèjì bọ kọ̀ǹpútà kan náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa lo tiẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù míì, kẹ́ ẹ fi tiyín sórí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tí Linux wà lórí ẹ̀.